Igi Keje Nínú Igbó Ọba

Ẹ má wulẹ̀ sọ pé oorun ló ń kùn mí, ọ̀sán gangan ni. Mi ò mutí. Bí mo bá purọ́, kí ni mo fẹ́ rí jẹ níbẹ̀?

Iṣẹ́ wa ní Àkúrẹ́ ni kí a mọ ìgbà tí igi ń wọ́wé àti ìgbà tó ń rúwé. Sátẹ́láìtì ń ya àwòrán igbó láti òkè. Àwa náà so ẹ̀rọ mọ́ àwọn igi kan nínú igbó ọba, lẹ́yìn Bọ́lọ́rundúró lọ́nà Oǹdó. Lóṣooṣù, ẹni méjì á fẹsẹ̀ rìn lọ wò wọ́n. Ọ̀kan á pe nọ́mbà igi, èkejì á tún un pè, á sọ bí ewé ṣe rí, kí àṣìkọ má baà wọ̀ ọ́.

Èmi ni mo ń pè, tí mo sì ń kọ. Ẹni tó ń dá mi lóhùn ni Bàbá Fúnkẹ́, ẹ̀ṣọ́ igbó, ọmọ Àkúrẹ́.

Nígbà òjò, mo rí i lórí kọ̀ǹpútà pé orí igi keje, arère ńlá kan, ti pọ́n láàárín àwọn tó tutù yọ̀yọ̀. Arère kì í wọ́wé lójò. Mo ní òjìji àwọsánmà lásán ni. Síbẹ̀ mo pe Bàbá lórí fóònù pé kí wọ́n bá mi yà wò ó. Mi ò sọ ohun tí mo rí. Igi náà ti kú. Ẹ̀ka rẹ̀ já lé wọn lórí, ó sì pa wọ́n.

Ìwé tí ọ́fíìsì kọ sọ pé Bàbá kàn ń rìn kiri ni, pé kò sẹ́ni tó rán wọn. Mo kà á, mo dákẹ́.

Oṣù tó tẹ̀ lé e, èmi nìkan ni mo lọ. Ẹ gbà mí gbọ́, mi ò mọ ìgbà tí ẹnu mi pe, "Igi kìn-ín-ní."

"Igi kìn-ín-ní," ohùn kan sọ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ lẹ́yìn igi. "Ewé tutù."

Bàbá ni. Ó yẹ kí n sáré. Ẹ̀rù ò bà mí, ẹkún ò sì wá. Mo kọ ọ́ sílẹ̀. Báyẹn la ṣe dé igi kẹfà. Mi ò yọjú wo ẹ̀yìn igi kankan.

Ní igi keje, mi ò lè pè é.

"Igi keje," ni wọ́n wí fúnra wọn. "Ṣé o rí i?"

"Mo rí i, Bàbá."

"Kọ ọ́ sílẹ̀, ọmọ mi. Kí n ráyè lọ ulé."

Wọn ò bínú. Ìyẹn gan-an ló ń dùn mí jù.

Oṣù mẹ́ta rèé. Mo ń lọ, wọ́n ń dá mi lóhùn, ibẹ̀ náà la ń dúró sí. Bí mo bá kọ ọ́ pé mo ti rí i kí n tó rán wọn, iṣẹ́ ti bọ́ nìyẹn, ẹ̀wọ̀n sì lè wà nínú rẹ̀.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ìyàwó wọn bi mí pé, "Jọ̀ọ́, ta ló rán ọkọ mi lọ síbẹ̀?" Mo ní mi ò mọ̀. Màmá gbé ọwọ́ lé mi lórí, wọ́n ní Olúwa ò ní jẹ́ kí ẹnikẹ́ni rán èmi náà níṣẹ́ ikú.

Mo ṣe àmín.

Ẹ̀yin tí ẹ ń rán èèyàn níṣẹ́, ẹ sọ ohun tí ẹ rí fún un kó tó gbéra. Tó bá ti lọ tán, ọ̀rọ̀ náà kì í ṣeé sọ mọ́.