Ẹja Tí Idwal Já Gbà Lọ́wọ́ Ìyàwó Rẹ̀

Lára àwọn apẹja etí odò Teifi, kò sẹ́ni tó tètè ń mọ̀ pé ẹja ti fẹnu kan ìwọ̀ bí Idwal Probert, tó ń fọ́ òkúta níbi tí wọ́n ti ń wa òkúta ní Cilgerran. Ìwọ̀ á wà nísàlẹ̀ omi, ojú ò ní rí i, ṣùgbọ́n bí okùn tó léfòó bá kàn dúró díẹ̀ báyìí, Idwal á ti gbé ọ̀pá sókè. Ọwọ́ yíyá yìí náà ló kó bá a.

Ọdún kejì ìgbéyàwó wọn, Heulwen ìyàwó rẹ̀ bẹ̀ ẹ́ títí kó tó mú un lọ sódò. Ìrọ̀lẹ́ oṣù kẹfà ni, eṣinṣin ń bà lójú omi, ẹja tíráòtù ń yọ wá gbé wọn. Heulwen ju ìwọ̀ tí wọ́n fi ìyẹ́ ẹyẹ ṣe bí eṣinṣin, ó bà wẹ́rẹ́. Ẹja ńlá kan yọ, ó gbé e. Obìnrin náà ò mira. Idwal já ọ̀pá gbà, ó fà á. Ìwọ̀ bọ́, ẹja lọ.

"Kí lo dúró bí òpó sí?"

"Mo ń dúró kó dorí kodò ni. Bí èèyàn bá fà á nígbà tó ṣì lanu, á bọ́. Bàbá mi ló kọ́ mi. O ò tiẹ̀ bi mí."

Idwal mọ̀ pé òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ń wò wọ́n lódìkejì, ló bá bú sẹ́rìn-ín, ó ní ta ló ní kóun mú obìnrin wá sódò. Heulwen gbé ọ̀pá sórí koríko. Fún ọdún mọ́kànlélógójì, bí Idwal bá ní kí wọ́n jọ lọ, á ní iṣẹ́ pọ̀ nílé. Idwal ò sì tọrọ àforíjì. Lójoojúmọ́ ló ń rò ó pé ó di ọ̀la, títí àìsàn fi gbé obìnrin náà lọ.

Ọjọ́ tí wọ́n sin ín, Gwenno ẹ̀gbọ́n Heulwen pe Idwal sẹ́yìn ilé ìjọsìn.

"Ọjọ́bọ̀ gbogbo, bó o bá ti lọ síbi iṣẹ́, odò kékeré tó wà lẹ́yìn ilé bàbá wa ni Heulwen ti máa ń wá pẹja. Ó mọ ẹja pa jù ẹ́ lọ, Idwal. Ó ní kí n má sọ fún ẹ."

Idwal ní kó júwe ibi tí Heulwen máa ń dúró sí fóun, ó sì lọ síbẹ̀. Ó bá koríko tí ẹsẹ̀ ti tẹ̀ mọ́lẹ̀ létí omi, ó jókòó síbẹ̀ nínú aṣọ ọ̀fọ̀ rẹ̀, títí òjò fi lé e wọlé.