Ọ̀kùn Inú Àpótí Gíláàsì

Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni Bàbá Ọlọ́gbà fi tọ́jú ọgbà ilé-ìwé ńlá kan. Ọwọ́ rẹ̀ mọ́, òdòdó rẹ̀ ń yọ̀ mọ́ni lójú, àmọ́ agídí! Ẹ jẹ́ n fẹnu mọ́ ọn níbẹ̀ ná.

Kò sí ohun tó kórìíra tó ọ̀kùn. Ó gbà pé gbòǹgbò ohun ọ̀gbìn òun ni wọ́n ń jẹ. Tó bá gbé òkúta sókè, tó bá wọn ní kíká lábẹ́ rẹ̀, omi gbígbóná ló ń dà lé wọn. Àfi bíi pé Ọlọ́run fẹ́ bá a ṣeré, ọmọbìnrin rẹ̀ kan ṣoṣo lọ sí yunifásítì, ẹ̀kọ́ nípa ọ̀kùn ló lọ kọ́.

“Ewé jíjẹrà ni wọ́n ń jẹ, Bàbá,” ni ọmọ náà máa ń wí. “Àwọn ló ń sọ ọ́ di ilẹ̀ ọlọ́ràá.”

“Ìwọ tí ò ń ka ẹsẹ̀ wọn yìí, ṣé bàtà lo fẹ́ rán fún wọn ni?”

Ẹ̀rín ni wọ́n fi ń ṣe níbẹ̀rẹ̀. Ìgbà tó yá, ọmọ gbé àpótí gíláàsì kan wálé, ó kó ewé àti igi jíjẹrà láti inú igbó sí i, ó sì ń sin ọ̀kùn mẹ́rìnlélógún lẹ́bàá fèrèsé yàrá rẹ̀. Odindi ọdún méjì ló fi ń kọ bí wọ́n ṣe ń bọ́ awọ, tí ẹsẹ̀ wọn ń pọ̀ sí i. Iṣẹ́ àṣekágbá rẹ̀ dá lé wọn. Lọ́jọ́ kan tí inú ń bí Bàbá, ó ní òun ò bímọ kó wá máa sin kòkòrò. Ẹyin lọ̀rọ̀, ẹ sáà mọ̀. Láti ọjọ́ náà, ìkíni nìkan ló kù láàárín wọn.

Nígbà tó ṣe, ọmọ rìnrìn àjò ọ̀sẹ̀ méjì. Lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́ta, oòrùn mú ju bó ṣe rò lọ. Fóònù ìyá rẹ̀ ti bàjẹ́, ló bá tẹ ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sí bàbá rẹ̀, láìfi àmì kankan sí i:

“Baba e jowo e ba mi gbe okun mi kuro ninu oorun. Ko gbodo gbe.”

Okùn ni Bàbá kà. Ọmọ náà ní okùn ìsáṣọ kan lẹ́yìnkùlé lóòótọ́. Kò gbọdọ̀ gbé, ìyẹn ni pé kó má sọnù. Inú Bàbá dùn débi pé ó sáré lọ tú u. Ọmọ òun tún bẹ òun níṣẹ́! Ó ká a dáadáa, ó tì í mọ́ inú kọ́bọ́ọ̀dù.

“Kí ló wà lára okùn tó ń ká a lára báyìí?” ni ìyàwó rẹ̀ bi í. “Bàbá wa, ẹ pè é, kẹ́ ẹ bi í.”

“Ṣé mi ò mọ̀wé kà ni?”

Irọ́ ni o. Ẹ̀rù ló ń bà á pé ọmọ náà ò ní gbé ìpè òun. Ó tẹ èsì ránṣẹ́ pé òun ti gbé e, kó fọkàn balẹ̀. Ọmọ dá a lóhùn pé, “E se gan an, Baba mi.” Bàbá mi! Ó tó oṣù mẹ́ta tó ti gbọ́ ọ kẹ́yìn.

Ọjọ́ tí ọmọ dé, kò tíì sọ báàgì kalẹ̀ tí Bàbá fi gbé okùn lé e lọ́wọ́. Ó wo okùn, ó wo bàbá rẹ̀, ló bá sáré wọ yàrá. Nígbà tí Bàbá máa fi débẹ̀, ó ti kúnlẹ̀, ó ń fi ìka tú ewé inú àpótí. Ewé náà ti gbẹ táútáú. Gbogbo ọ̀kùn náà ti ká jọ, wọ́n ti funfun, ìkankan ò mira.

“Ọ̀kùn ni mo kọ, Bàbá. Mo ní kò gbọdọ̀ gbẹ.”

“Mo rò pé... okùn ni mo kà.”

“Ẹ ò sì pè mí.”

Kò pariwo. Ká ní ó pariwo ni, ì bá sàn fún Bàbá.

Ọdún kan gbáko ni yunifásítì fi kún ẹ̀kọ́ rẹ̀. Ó gba yàrá sítòsí yunifásítì, ó sì bẹ̀rẹ̀ ọ̀kùn mìíràn níbẹ̀. Ní gbogbo ọjọ́ Àìkú, ọ̀rọ̀ rẹ̀ máa ń wọlé sórí fóònù Bàbá: “Bàbá, ẹ kú iṣẹ́. Ara mi le.” Gbogbo àmì ohùn pé síbẹ̀, ìkankan ò yẹ̀. Ohùn ọmọ gan-an ni Bàbá Ọlọ́gbà kì í gbọ́. Tó bá ní kóun pè é, ojú á tì í, á sì pa fóònù kó tó dún.