"Àtàwọn Yòókù"

Láàárọ̀ yìí, inú bí mi débi pé díẹ̀ ló kù kí n fọ láptọ́ọ̀pù mi mọ́lẹ̀.

Jọ́nà kan, ìyẹn ìwé tó ń tẹ iṣẹ́ ìwádìí jáde, dá iṣẹ́ mi lórí omi kànga padà. Wọ́n ní àwọn ò fẹ́ "et al.", ìyẹn "àtàwọn yòókù", nínú àwọn ìwé tí mo tọ́ka sí. Kí n kọ orúkọ gbogbo òǹkọ̀wé jáde. Haba!

Mò ń tẹ̀ ẹ́, mò ń kùn. Àfi bí mo ṣe rí "Ajadi, R. T." láàárín àwọn tó kọ pépà kan tó ti pẹ́ tí mo ti ń lò ó.

Kai! Ṣé Àǹtí Ràfíátù Ajadi tó kọ́ mi ní kẹ́místírì nílé ìwé ní Makera níhà Àríwá nìyí?

Mo pè wọ́n lójú ẹsẹ̀. "Ṣé ẹ̀yin lẹ wà nínú pépà yìí, mà?"

Wọ́n rẹ́rìn-ín. "Èmi ni. 'Àtàwọn yòókù' ni gbogbo ayé ń pè mí níbẹ̀."

"Ó tán lónìí, mà. Mo ti kọ orúkọ yín."

Wọ́n dúpẹ́: "Nagode, ọmọ mi. Ṣé o fi T yẹn sí i? Tìjání ni. Orúkọ bàbá mi ni."

"Mo fi sí i, mà."

Jọ́nà tó bí mi nínú, ẹ ṣé o.

Ẹ̀yin ará, ta ló wà nínú "àtàwọn yòókù" tiyín? Ẹ kọ orúkọ wọn síbí, kó pé.