Ìwé Tí Bàbá Mi Fọwọ́ Sí Sílẹ̀

Ọjọ́ kẹta tí a sin bàbá mi ni mo lọ sí kánsù, lọ gba ìwé àṣẹ láti dí títì wa ní Pápá Àjàó fún fídáù ọjọ́ kẹjọ rẹ̀. Mo rò pé kò ní pẹ́. Iṣẹ́ táípù ni mò ń ṣe ní ọ́fíìsì kan ní Sábó nígbà náà, kò sì sí irú lẹ́tà tí mi ò lè kọ. Ọ̀gá tó ń rí sí ọ̀rọ̀ títì ka lẹ́tà mi, ó yẹ̀yìn rẹ̀ wò bí ẹni ń wá eegun nínú ẹja.

"Àǹtí, lẹ́tà yín dáa. Sáìnì akọ̀wé ẹgbẹ́ onílé yín dà?"

"Sà, akọ̀wé yẹn gan-an ló kú."

"Háà! Bàbá télọ̀?" Ó ṣí fìlà. "Kí Ọlọ́run forí jì wọ́n. Ṣùgbọ́n sáìnì tiwọn nìkan ló wà nínú fáìlì mi. Ẹ lọ yan ẹlòmíràn."

Ìparí oṣù ni ẹgbẹ́ onílé máa ń ṣèpàdé, fídáù á ti kọjá. Alága wa ò sì mọ̀wé, ìka ló máa ń tẹ̀, kánsù ò sì gba ìyẹn.

Kí n má parọ́, bàbá mi gan-an ni mo bínú sí. Òun ló sọ ọ̀rọ̀ títì di ọ̀ràn. Ní ọdún díẹ̀ ṣáájú, àwọn kan ń ṣe ìkómọ, wọ́n ta àtíbàbà dí títì pa láti ìkángun dé ìkángun, mọ́tò tó fẹ́ gbé aboyún kan lọ sí ọsibítù ò rí ọ̀nà kọjá. Obìnrin náà yè, ọmọ ò yè. Láti ìgbà yẹn, ẹni tí kò bá mú ìwé wá ní ọ̀sẹ̀ méjì ṣáájú, bàbá mi ò ní fọwọ́ sí i. Láàárín ọ̀sẹ̀ méjì náà, á gbé téépù ìwọnṣọ kọ́rùn, á máa wọ ojúlé dé ojúlé: "Ta ló ń ṣàìsàn níbí? Ta ló lóyún?" Tó bá kan ilé tiwa, á dúró lẹ́nu ọ̀nà, á bi ìyá mi ní ìbéèrè kan náà, bí ẹni pé ibòmíràn lòun sùn mọ́jú. Ìyá mi á dáhùn pé, "Kò sí o, àfi télọ̀ kan tí ìbéèrè ń ṣe." Gbogbo wa á bú sẹ́rìn-ín.

Mo délé, mo ní ká kúkú lọ gba gbọ̀ngàn ilé ìwé kan ní Ìjẹ̀ṣà-Tẹ̀dó. Ìyá mi gbójú sókè wò mí. Inú opó ló wà, kò sì gbọdọ̀ jáde nílé fún oṣù mẹ́rin àti ọjọ́ mẹ́wàá.

"Ẹ ẹ́ wá lọ ṣe fídáù ọkọ mi níbi tí mi ò ti ní lè ṣe àmín sí i?"

Ojú tì mí. Mi ò tiẹ̀ rántí rẹ̀ rárá.

Lọ́jọ́ kejì mo tú dúrọ́ọ̀ maṣíìnì bàbá mi. Lábẹ́ ṣọ́ọ̀kì àti bọ́tìnnì, mo rí ìwé ẹgbẹ́ mẹ́ta tí a ò tíì kọ lẹ́tà kankan sí, ìfọwọ́sí bàbá mi nìkan ló wà nísàlẹ̀. Ó ti fọwọ́ sí wọn sílẹ̀ kó tó lọ sí ọsibítù, kí ará àdúgbò má baà há. Ẹni tó da omi síwájú ló ń tẹ ilẹ̀ tútù, ṣùgbọ́n ilẹ̀ tí ẹlòmíràn máa tẹ̀ ni bàbá mi da tirẹ̀ sí. Ó fi pẹ́ńsù kọ orúkọ ẹni tó ni ìwé kọ̀ọ̀kan sígun. Kò kọ tara rẹ̀ sí ìkankan. Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, mo sunkún dáadáa.

Ìwé kan jẹ́ ti ìyá oníbúrẹ́dì tó ń gbé ní iwájú wa, fún ìgbéyàwó ọmọ rẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mejì ni bàbá mi ti jẹ́ kó yí ọjọ́ padà nítorí ọ̀sẹ̀ méjì yìí, obìnrin náà sì ti fi bú u dáadáa. Ẹ̀rù bà mí láti bẹ̀ ẹ́.

"Ìyàwó lè dúró," ó ní, "fídáù ò lè dúró." Ó já inú búrẹ́dì díẹ̀, ó rún un mọ́ ìka, ó sì fi pa orúkọ ara rẹ̀ rẹ́ lórí ìwé náà. "Gbogbo ohun tí mo sọ sí bàbá ẹ, kí Ọlọ́run má kà á sí mi lọ́rùn."

Mo táípù lẹ́tà náà, mo sáré gbé e lọ sí kánsù. Ọ̀gá náà wo ìfọwọ́sí. Ó ti mú òǹtẹ̀ lọ́wọ́ kó tó béèrè pé, "Ẹ ti wọ ojúlé?"

"Rárá, sà."

Ó gbé òǹtẹ̀ kalẹ̀. "Bàbá ní kí n má lù ú láìjẹ́ bẹ́ẹ̀."

Díẹ̀ ló kù kí n já ìwé náà gbà lọ́wọ́ rẹ̀. Àmọ́ mo padà sílé, mo gbé téépù bàbá mi kọ́rùn, mo bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ títì. Aboyún kan wà ní ilé kẹfà tí oṣù rẹ̀ ti pé. Mo ṣèlérí fún un pé a ó fi ẹ̀gbẹ́ kan sílẹ̀ fún mọ́tò. Ilé wa ló gbẹ̀yìn. Mo dúró lẹ́nu ọ̀nà.

"Màmá, ta ló ń ṣàìsàn níbí?"

Ìyá mi ò wò mí. "Kò sí mọ́," ó ní.

Kánsù lu òǹtẹ̀ lọ́jọ́ kejì, àwọn ọlọ́pàá àdúgbò ò sì yọ wá lẹ́nu. Lọ́jọ́ fídáù, gbogbo ìgbà tí Alfa bá ṣe àdúà, mò ń gbọ́ àmín ìyá mi láti ojú fèrèsé, ó máa ń kẹ́yìn tiwa díẹ̀.

Ní ìparí oṣù, ẹgbẹ́ onílé fi mí rọ́pò bàbá mi. Ìwé ìyá oníbúrẹ́dì ni mo kọ́kọ́ fẹ́ fọwọ́ sí. Mo tún gbé téépù kọ́rùn, mo wọ gbogbo ojúlé, mo tún dúró lẹ́nu ọ̀nà wa, mo béèrè. Ìyá mi wò mí láti òkè dé ilẹ̀.

"Kò sí o," ó ní, "àfi àwọn onítáípù kan tí ìbéèrè ń ṣe."

Ó rẹ́rìn-ín. Látìgbà tí bàbá mi ti kú, ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn.