Bàbá Ṣáájú Ọmọ

Àsìkò SAP ni, lábẹ́ ìjọba sójà, nígbà tí ilé iṣẹ́ wa ní Ìkẹjà ń dá èèyàn dúró lóṣooṣù. Ọ̀gá mi, ará Ògbómọ̀ṣọ́ tó ń gbé ní Agége, mọ̀ pé bí àṣìṣe kan péré bá ti ọwọ́ àwọn wá, iṣẹ́ ti bọ́ nìyẹn. Àgbà ni wọ́n, kò sí ibòmíì tí wọ́n tún fẹ́ ríṣẹ́.

Òróró là ń sè níbẹ̀, nínú ìkòkò irin tó ga ju yàrá lọ. Ẹ̀rọ kan ń wo bí òróró ṣe gbóná tó. Èkejì ń ṣọ́ sítíìmù, ooru omi híhó tó ń mú un gbóná, òun ló ń ṣí fáàfù ẹnu ọ̀nà rẹ̀, òun ló ń tì í. Tẹ́lẹ̀, kálukú ló ń ṣe tirẹ̀. Mánijà wá ní ká so méjèèjì pọ̀, kí ti òróró máa pàṣẹ fún ti sítíìmù. Èmi àti ọ̀gá mi, tí iṣẹ́ ẹ̀rọ wà lọ́wọ́ wa, sọ ti òróró ní Bàbá, a sì sọ ti sítíìmù ní Ọmọ.

Ọjọ́ Jímọ̀ ni iṣẹ́ náà bọ́ sí. Ọ̀gá mi gbé kẹ́tùlù àlùwàlá wọn, wọ́n ń lọ kírun.

"Ọmọ ni kó o kọ́kọ́ tún ṣe o. Jẹ́ kó dúró dáadáa kó o tó fi sábẹ́ Bàbá. Ṣé o gbọ́?"

"Mo gbọ́, sà."

Irọ́ ni, mi ò gbọ́ nǹkan kan. Mo ti lọ sí pólì, mo sì jọ ara mi lójú. Nílé tiwa, ta ló ń bu oúnjẹ ọmọ kó tó bu ti bàbá? Mo yí bọ́tìnì Bàbá títí ó fi tẹ́ mi lọ́rùn, mo sì gbé àṣẹ lé e lọ́wọ́ láìfọwọ́ kan Ọmọ rárá.

Bàbá ní kí sítíìmù dín kù. Ọmọ pẹ́ kó tó gbọ́, nígbà tó sì gbọ́, ó tì í pa. Òróró tutù. Bàbá ní kó ṣí i. Ọmọ ṣí i gbayawu. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń fà á síwá sẹ́yìn títí òróró fi jó dúdú, tí èéfín gba gbogbo ibẹ̀. Kí n tó sáré fọwọ́ ti fáàfù ńlá, odidi ìkòkò òróró kan ti bàjẹ́.

Mánijà ya wọlé. Ọ̀gá mi náà ń bọ̀ láti mọ́ṣáláṣí, kẹ́tùlù ṣì wà lọ́wọ́ wọn.

"Ta ló tún ẹ̀rọ yìí ṣe?"

Ọ̀gá mi wò mí, wọ́n wo ẹ̀rọ, wọ́n sì ti mọ ohun tí mo ṣe.

"Èmi ni, sà. Iṣẹ́ mi ni."

Ọjọ́ náà gan-an ni wọ́n gba ìwé ìdádúró. Ojú tì mí, ó sì ń tì mí títí dòní. Lọ́jọ́ Ajé, mo tún Ọmọ ṣe, lẹ́yìn náà Bàbá, bí wọ́n ṣe wí; ẹ̀rọ náà ò sì ṣe ségesège mọ́.

Nígbà tí mo lọ kí wọn ní Agége, mo dọ̀bálẹ̀ láti bẹ̀ wọ́n. Àwọn ni wọ́n kọ́kọ́ sọ̀rọ̀.

"Ṣé Ọmọ ti ń gbọ́ báyìí?"

"Ó ń gbọ́, sà."

"Alhamdulilahi." Inú wọn dùn gan-an. Mi ò lè sọ fún wọn pé orí àga wọn ni mánijà ti gbé mi jókòó.