Làálì Ọjọ́ Ọyẹ́

Sùúrù pọ̀ láyé, ṣùgbọ́n kò sí èyí tó tó sùúrù tí àgbàlagbà ní nígbà tí ó wà ní kékeré. Ẹ bá mi kí i, ẹ wúre fún un. Sùúrù ńlá ni. Ẹni tó ní in nìkan ló jẹ́ ẹlẹ́rìí rẹ̀, bí ó bá sì ti ń pẹ́ sí i ni ó ń tóbi sí i. Ẹ jókòó ti àgbà kan ní Ìlọrin yìí fún ìṣẹ́jú díẹ̀, ẹ ó gbọ́ bí wọ́n ṣe dúró de omi, tí wọ́n dúró de oúnjẹ, tí wọ́n dúró de ohun gbogbo láìmira.

Nígbà tí èmi wà ní kékeré, ní agboolé wa ní Gàmbàrí, ẹ̀gbọ́n mi obìnrin fẹ́ lọ sílé ọkọ, kò sì lè jókòó. Kì í ṣe àìsàn, bẹ́ẹ̀ ni Ọlọ́run ṣe dá a. Orí ìrìn ni ó ti ń jẹun. Bí wọ́n bá ń dirun fún un, kí ẹni tó ń dì í tó fi òòyà sílẹ̀, ó ti dé ẹnu ọ̀nà. Ìyá ọkọ rẹ̀ rí i lọ́jọ́ kan ní ọjà Ipata níbi tó ti ń lé ewúrẹ́ ẹlẹ́wúrẹ́, ó sì sọ fún àwọn èèyàn pé, "Ọmọ tí kò lè gbé ojú kan yìí, ṣé yóò lè gbé ilé ọkọ?" Obìnrin náà ti ní ọmọ ẹ̀gbọ́n tirẹ̀ kan lọ́kàn tí ó fẹ́ fún ọmọ rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi mọ̀ bẹ́ẹ̀, ọmọkùnrin obìnrin náà nìkan ni ó sì fẹ́.

Ẹ̀yin ọmọ òde òní, ó yẹ kí ẹ mọ̀ pé làálì, ewé gígún tí a ń lé sọ́wọ́ ìyàwó, ni wọ́n fi ń wádìí ìwà ìyàwó ní agboolé wa nígbà náà. Bí ọwọ́ rẹ̀ bá dúdú dáadáa, wọn a ní ó ní sùúrù, ó jókòó ti làálì. Bí ó bá pọ́n fẹ́ẹ́rẹ́, wọn a ní ara rẹ̀ kò balẹ̀. Nígbà tí ó ku ọ̀la kí àwọn obìnrin ilé ọkọ wá wo ìyàwó, ìyá àgbà tó ń lé làálì fún gbogbo wa lé e fún ẹ̀gbọ́n mi. Nígbà tí ó tú u, ọwọ́ náà dà bí ọwọ́ ẹni tó fara kan epo pupa tó sì nù ún kúrò.

Ìyá àgbà kò wo làálì. Ojú ẹ̀gbọ́n mi ni ó ń wò.

"Ìwọ lo mira."

"Ìyá, n ò mira."

"Làálì mi kì í purọ́."

Ọyẹ́ ni o, ọyẹ́ tó ń la ètè, tí èèyàn kò lè fọwọ́ kan omi àmù láàárọ̀. Ṣùgbọ́n ta ni yóò bá ọyẹ́ wí nígbà tí ọmọbìnrin wà nítòsí?

Ilẹ̀ mọ́, wọ́n ní kí wọ́n tún un lé. Lẹ́yìn ìrun Alásárì ni àwọn àlejò ń bọ̀. Ìyá wa ń wọlé, ó ń jáde, ó ń gbé ìkòkò tí ẹnikẹ́ni kò ní kó gbé. Ẹ̀gbọ́n wa ọkùnrin, tó wà ní kíláàsì karùn-ún sẹ́kọ́ńdìrì, gbé ìwé kẹ́mísírì jáde, ó sì fi ohùn lèmọ́mù bá wa sọ̀rọ̀. Ó ní bí ohun méjì bá fẹ́ para pọ̀ di ohun mìíràn, àwọn nǹkan kan wà tó ń mú un yá. Kí a lọ̀ ọ́ kúnná, kí wọ́n lè fara kan ara wọn dáadáa. Kí ó ki, kí omi má pọ̀ jù. Kí ó gbóná. Kí a sì wá nǹkan kan tí yóò máa tì wọ́n lẹ́yìn, tí òun fúnra rẹ̀ kò ní í bá a lọ.

"Bí alárinà," ni ó wí. "Ó mú ọkọ pàdé ìyàwó, kò sì mú nǹkan kan kúrò níbẹ̀."

Ìyá àgbà rẹ́rìn-ín. "Alárinà tí kò mú nǹkan kan kúrò? Ìlú wo ni wọ́n ti kọ ìwé yẹn?"

Ṣùgbọ́n ọjọ́ ń lọ, ó sì gbà. A tún làálì gún, a fi asẹ́ aláṣọ sẹ́ ẹ, a fún ọsàn wẹ́wẹ́ sí i. Ẹ̀gbọ́n wa wá bu kánún sí i pé alárinà nìyẹn. Làálì bẹ̀rẹ̀ sí í hó láìsí iná lábẹ́ rẹ̀, ó kún, ó dà sílẹ̀. Ìyá àgbà ké "Aúsù bílàhì!", ó da gbogbo rẹ̀ nù, ó ní kí a po òmíràn, kí alárinà jókòó sílé ara rẹ̀. Nígbà tí ẹ̀gbọ́n wa tún gbé àdògán wá pé kí ọwọ́ ìyàwó gbóná, ìyá àgbà lé e jáde.

"Ṣé o fẹ́ sun ún jẹ ni?"

Ó fi ewé lárà àti àkísà di ọwọ́ méjèèjì, ó ní kí ìyàwó jókòó sórí ẹní, ó sì fi mí ṣọ́ ọ. "Bó bá dìde, ké sí mi." Ó lọ kírun Àìlà ọ̀sán, ó sì sùn lé e.

Ẹ̀gbọ́n mi dìde.

"Ìyá ní kí ẹ jókòó."

"Ìyá ń sùn. Òtútù ń pa mí, ẹ̀rù ń bà mí. Bí mo bá tún jókòó, ẹkún ni n óò sun."

"N óò ké sí wọn o."

"Ké. Èmi náà á sọ ẹni tó ń lá ṣúgà inú agolo."

Mo bá a ṣílẹ̀kùn.

Ó bọ́ sí ẹ̀yìnkùlé, ó na ọwọ́ méjèèjì sókè bí ẹni tí ọlọ́pàá mú, ó ń lọ, ó ń bọ̀, láti ìdí kànga dé ilé adìẹ. Kò pẹ́ tí ìrìn fi di eré. Adìẹ ń sá fún un, òun náà ń sá fún ìyá ọkọ tí kò tíì dé. Òógùn bo iwájú orí rẹ̀ nínú ọyẹ́ yẹn. Nígbà tó ní kí n bá òun họ imú, mo fara kan ọwọ́ dídì náà, ó gbóná bí ẹ̀kọ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ pọ́n. Ìgbà tí ladánì pe ìrun Alásárì ni ó tó fò padà sórí ẹní.

Àwọn àlejò dé, ìyá ọkọ ló ṣáájú. Ìyá àgbà tú àkísà, ó ṣí ewé kúrò, ó fi òróró nù ún. Ọwọ́ náà pọ́n dúdú bí ẹ̀dọ̀ màlúù. Ìyá ọkọ gbé e, ó yí i padà, ó fi àtàǹpàkò ra á bóyá yóò ṣí. Ẹ̀gbọ́n mi kò mí.

"Hẹ̀n-ẹ́n," ni ìyá ọkọ wí nígbẹ̀yìn. "Ọmọ tó jókòó ti làálì báyìí, yóò jókòó ti ọkọ."

Ìyá àgbà ní iṣẹ́ ọwọ́ òun ni. Ẹ̀gbọ́n wa ọkùnrin yọjú láti ẹnu ọ̀nà, ó ní ìwé òun ni. Ẹ̀gbọ́n mi àti èmi ń wo ẹní.

Ó lọ sílé ọkọ, ó sì gbé ibẹ̀. Ọdún púpọ̀ lẹ́yìn náà, ní yunifásítì, olùkọ́ kan dúró níwájú wa, ó ń ṣàlàyé pé àwọn wóró tíntìntín inú nǹkan máa ń lọ́ra nínú òtútù, ṣùgbọ́n bí wọ́n bá gbóná, wọn a máa sáré, wọn a máa kọlu ara wọn gidigidi, ìkọlù yẹn ló sì ń mú nǹkan yí padà. Mo bú sẹ́rìn-ín. Ó bi mí pé kí ló dé. Kí ni mo fẹ́ sọ, pé mo mọ ọ̀kan nínú wọn, pé ó ti bí ọmọ mẹ́ta?

Ayé ti yí. Làálì tí wọ́n ti pò sínú ọ̀rá ni wọ́n ń tà ní àdúgbò Ṣàngó báyìí. Àwọn kan ń fi aró irun sí i, yóò ti dúdú kí o tó dáhùn fóònù tán, yóò sì jó ẹlòmíràn lára. Kò sí ẹni tó ń fi í wádìí ìwà mọ́, èyí sì dùn mọ́ mi. Láìpẹ́ yìí, ọmọ ọmọ mi fẹ́ ṣègbéyàwó, ó ń yí kiri lórí àga bí wọ́n ṣe ń lé tirẹ̀, ó ń kùn pé ó ti pẹ́ jù. Ẹ̀gbọ́n mi wà níbẹ̀, lórí ìdúró, ó ń wá kọ́kọ́rọ́ tó so mọ́ ọrùn ara rẹ̀. Mo gbé ojú le. Mo ní, ní ayé tiwa, ìyá rẹ àgbà yìí jókòó jẹ́ẹ́ ti làálì láti àárọ̀ títí di Alásárì, kò mira rárá, ojú mi ló ṣe.

Bẹ́ẹ̀ ni mo wí. Èmi náà.