Oyin Tó Sọdá Bodè

Lánàá, ọmọ ọmọ mi jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ wa ní Ayétòrò, ó ń ka ìwé ìtàn kan sókè, èmi náà ń gbọ́ ọ níbi tí mo ti ń gé ilá. Ó ṣàdédé pa ìwé dé. Ó ní irọ́ ni òǹkọ̀wé ń pa, pé ẹni tí kò lè fọhùn ní orí kìíní kò lè di akọni ní orí ìkẹyìn. Mo rẹ́rìn-ín, mo rántí Ìyàwó.

Ìyàwó ni gbogbo agbo ilé ń pe aya àbúrò bàbá mi, nígbà tí à ń gbé nítòsí Ìmẹ̀kọ. Èèyàn jẹ́jẹ́ ni. Bí ó bá kí ọ, àfi kí o rí orúnkún rẹ̀ nílẹ̀ kí o tó mọ̀ pé ó kí ọ. Àwọn adìẹ ilé pàápàá kì í yà fún un lọ́nà. Àwa ọmọdé fẹ́ràn rẹ̀ gan-an, torí kì í fẹjọ́ wa sùn.

Ọdún tó lóyún àkọ́bí rẹ̀ ni ìjọba ti bodè. Ṣáájú ìgbà náà, bodè kì í ṣe bàbàrà lójú wa. Oko Bàbá Àgbà, bàbá bàbá mi, wà lódì kejì. A lè lọ jẹ iṣu sísun lọ́hùn-ún ká sì padà wá jẹ oúnjẹ alẹ́ nílé. Oko ni Bàbá Àgbà wà lọ́jọ́ tí àwọn sójà na okùn dí ọ̀nà, ó sì há sọ́hùn-ún.

Ilé là ń wò ká tó sọmọ lórúkọ. Ní ilé tiwa, Bàbá Àgbà là ń wò. Òun ló ń fi oyin kan gbogbo ọmọ lẹ́nu, bí kò bá sì tíì ṣe é, ẹnikẹ́ni kì í pe orúkọ ọmọ. Nígbà tí Ìyàwó bí ọkùnrin, ó bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè ní àràárọ̀ pé, "Ṣé wọ́n ti ṣí i?" Ohùn rẹ̀ sì ń ròkè sí i lójoojúmọ́.

Lọ́jọ́ ìsọmọlórúkọ, ìròyìn dé pé Bàbá Àgbà ti jókòó sídìí okùn lódì kejì láti àárọ̀. Àwọn ọkùnrin ilé ń jiyàn ẹni tí yóò lọ bẹ sójà. Olúkúlùkù ní ẹsẹ̀ ń dun òun. Ìyàwó kò dá sí i; ó pọn ọmọ rẹ̀, ó gbé àwo oyin, ó bọ́ sọ́nà. Àwọn ẹlẹ́sẹ̀ dídùn ní láti sáré kí wọ́n tó lè bá a.

"Ìyá ọlọ́mọ, ẹ padà," ni sójà wí. "Ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ sọdá."

Ìyàwó kúnlẹ̀, ṣùgbọ́n gbogbo wa la gbọ́ ọ lọ́jọ́ náà. "Ọmọ mi ò ní sọdá, Bàbá náà ò ní sọdá. Ẹ jẹ́ kí oyin nìkan sọdá. Ọmọ mi ò ní sun òní láìlórúkọ."

Sójà wo okùn, ó wo àwo. Nígbà tó yá, òun fúnra rẹ̀ ló gba oyin náà, tó nà án sí Bàbá Àgbà. Bàbá ti ìka bọ̀ ọ́, ó na ọwọ́ kọjá lórí okùn, ó fi kan ọmọ lẹ́nu, ó sì pè é ní Adéṣínà. Nínú gbogbo àmín tí a ṣe, ti sójà yẹn ló ròkè jù. Inú mi dùn débi pé mo sunkún.

A délé, mo rò pé Ìyàwó yóò máa yan. Aṣọ ọmọ ló lọ fọ̀. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ náà, àwọn ọkùnrin ilé wa kò parí ọ̀rọ̀ kankan mọ́ láìwo ojú rẹ̀.

Wọ́n ti ṣí bodè, wọ́n sì tún ti tì í lẹ́yìn ìgbà náà. Ilé ti bo oko Bàbá Àgbà, oyin inú ike la sì ń rà báyìí. Mo ní kí ọmọ ọmọ mi ṣí ìwé rẹ̀ padà, kó kà á parí. Ìka tó kọ́kọ́ fi oyin kan òun náà lẹ́nu, ti Ìyàwó ni.